Oògùn Jẹ̀dí

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Bódìjà, ẹnikẹ́ni kì í pe ọtí ní ọtí. Díákónì ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi ni látilẹ̀. Tí a bá ń lọ sí Dùgbẹ̀ tí a sì kọjá níwájú ilé ọtí, ńṣe ló máa ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni pé ẹnì kan wà ní ìhòòhò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí kò jìnnà sí fèrèsé tirẹ̀ rárá, àbúrò rẹ̀ ń mu ògógóró láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Oògùn jẹ̀dí la ń pè é.

Mo mọ oògùn náà dáadáa. Ìgò onígun mẹ́rin kan ni, egbò igi mélòó kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ògógóró sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Egbò kan náà ló wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n ti funfun, kò sí ìkorò tàbí àwọ̀ kankan lára wọn mọ́ tí wọ́n lè fún ẹnikẹ́ni. Omi wọn nìkan ló ń yí padà. Bí ó bá ti tán, á tún bu òmíràn sí i. Mo máa ń sọ pé jẹ̀dí tí kò bá gbọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fà á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Màmá mi á ní kí n pa ẹnu mi dé, àmọ́ á yí ojú kúrò kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀.

Bàbá kékeré ni èmi ń pè é. Takisí ló ń wà, Dùgbẹ̀ sì ni ìdúró rẹ̀. Bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì kò mọ̀ ju ọ̀nà ibi iṣẹ́ àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀rọ̀ tí Bàbá kékeré kò mọ̀ ní Ìbàdàn. Ó lè gbéra láti Òjóò, kó gba ẹ̀yìn Agbówó, kó yọ sí Mọ́kọ́lá láì fojú kan ọ̀nà ńlá. Ìyàwó tó fẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò sì fẹ́ òmíràn. Màmá mi ló ń gbọ́ oúnjẹ rẹ̀. "Ọkọ mi" ni màmá mi ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ tó bá bá nílé. "Ìyàwó wa" ni òun náà ń pè é. Kò sí ẹni tó ń pe ẹnì kejì ní "ìwọ" nínú wọn. Mo rò pé òun ló yé màmá mi jù nínú gbogbo ìdílé ọkọ rẹ̀.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan. Girama ni mo wà nígbà tó kú. Òun kò tíì wọ ilé ìwé kankan. Ibà ló bẹ̀rẹ̀, ibà náà gbé gìrì wá, gìrì náà kò sì fún wa láyè láti délé ìwòsàn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti tán.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nílẹ̀ wa ni wọ́n ṣe é. Bàbá àti ìyá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ wọn. Wọn kì í fojú kan ibi tí wọ́n sin ín sí, ẹnikẹ́ni kì í sì í júwe rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àánú ni, kí ìyá má bàa máa lọ jókòó síbẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè kúrò níbẹ̀, kó lè bí òmíràn. Pásítọ̀ wa tó máa ń bá gbogbo àṣà jà kò bá wa jà lórí èyí. Bàbá kékeré ló wé e láṣọ, òun àti bíríkìlà ará Gánà kan tó ń gbé ní òpópónà wa. Wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn takisí, wọ́n ju ṣọ́bìrì sí búùtù, wọ́n lọ. Àwọn obìnrin di màmá mi mú ní pálọ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà dé, wọ́n ṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ́nu géètì kí wọ́n tó wọlé. Erùpẹ̀ pupa ló ń ṣàn kúrò lẹ́sẹ̀ Bàbá kékeré. Gbogbo ohun tí màmá mi rí nípa ibi tí ọmọ rẹ̀ wà nìyẹn, gbogbo Ìbàdàn ló sì kún fún erùpẹ̀ pupa.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni ìjọba ní kí àwọn ará Gánà máa lọ sí ìlú wọn. Bíríkìlà náà di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó kí wa pé ó dìgbóṣe, ó sì lọ. Ó wá ku Bàbá kékeré nìkan.

Mi ò ní sọ pé ọjọ́ ìsìnkú náà ló bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀. Irọ́ ni yóò jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dùn mọ́ àwọn ènìyàn láti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń mu ún tẹ́lẹ̀, ife kékeré kan kó tó jáde, òmíràn nígbà tó bá wọlé. Àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ife kúrò nílẹ̀. Ẹnu ìgò ló ń gbé sẹ́nu.

Ohun tí ọtí ń ṣe sí iyè ènìyàn kì í pariwo wọlé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé tí a bá ń ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀rín Bàbá kékeré á máa dé lẹ́yìn tiwa. A óò ti rẹ́rìn-ín tán, a óò ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìjókòó kan. Èrò á wọ ọkọ̀ rẹ̀ pé Challenge lòun ń lọ, wọ́n á bá ara wọn ní Mọ́kọ́lá, èrò á sì máa ṣépè. Ní ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo wa wà nídìí oúnjẹ, màmá mi dìde lọ bu omi wá. Bó ti ń gbé omi náà bọ̀, Bàbá kékeré wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Háà, ìyàwó wa! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Màmá mi ní, "Ọjọ́ mẹ́ta náà ni o, ọkọ mi, ilé ìdáná ọ̀hún jìnnà." Òun náà rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan kọ́ ni mo rò pé àpárá ló ń dá. Gbogbo wa la rò ó bẹ́ẹ̀. Èdè wa yìí, ẹni tó bá ṣáà ti mọ ìkíni, ó lè fi kiri gbogbo àdúgbò láì rántí nǹkan kan. Á ní ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsinmi, ará ilé á dá a lóhùn, á sì kọjá. Ìkíni Bàbá kékeré kò tàsé ju ẹ̀ẹ̀kan yẹn lọ, ẹ̀rín la sì fi gbà á.

Mo ti wọ yunifásítì nígbà tí katapílà dé. Ilé ni mo ti ń lọ kàwé, nítorí náà ojú mi ló ṣe. Igbó kan wà nísàlẹ̀ odò lẹ́yìn àdúgbò wa, àwọn tó pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé òkú àwọn ọmọdé lọ nígbà tí ilé kò tíì pọ̀. Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Katapílà bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀hún, ó ń hú igi, ó ń yí ilẹ̀ po, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá mi kò lè jẹun. Á wà nídìí ìkòkò, á gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà, á fi ṣíbí sílẹ̀. Kò bá bàbá mi sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ Bàbá kékeré ló lọ.

Mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí, ìyàwó wa?"

"Ọmọ yẹn. Níbo lẹ gbé e sí?"

Bàbá kékeré ní, "Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọn kì í sọ ọ́ fún ìyá."

"Mo mọ̀. Mi ò ní lọ jókòó síbẹ̀. Ti ọmọ bíbí náà, ó ti tán lára mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ odò yìí ni. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, ẹ bá mi gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ̀rọ yìí tó kàn án. Tí kì í bá ṣe ibẹ̀, kí n lè sùn."

Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ẹnu ò ṣeé fi júwe ẹ̀. Tí mo bá wà lójú ọ̀nà ni màá mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó di Sátidé, èmi fúnra mi ni màá gbé yín débẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi."

Ọjọ́ Sátidé pé, màmá mi wé gèlè, ó jókòó dè é. Bàbá kékeré sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Sátidé kejì, ó jí, ó bá a níbi tó jókòó sí pẹ̀lú gèlè, ó ní, "Ìyàwó wa, òde wo lẹ ń lọ?" Màmá mi rán an létí, òun bẹ̀bẹ̀, ó tún dá ọjọ́ mìíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ọjọ́ kan inú bí màmá mi, ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé ìgò náà, ó dà á sí gọ́tà, egbò àti omi. Èmi ni mo rí Bàbá kékeré lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà náà. Ó ń ṣa egbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọ̀ wọ́n nínú abọ́, ó dá wọn padà sínú ìgò. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń fara balẹ̀ ṣe é. Mi ò rí ohun tó bà mí nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn.

Kò pẹ́ sí i ló dẹ́kun oúnjẹ jíjẹ. Oúnjẹ tí màmá mi bá gbé fún un láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò bá a lálẹ́. Ó ń bì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jáde síta, ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì gbàgàdà bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ó di ògiri mú. Ẹyin ojú rẹ̀ ń sá sọ́tùn-ún sósì, kò dúró lójú kan. Ó bi bàbá mi pé ilé ta nìyí. Bàbá mi àti màmá mi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìdánwò ni mo ń ṣe lọ́jọ́ náà, mi ò bá wọn lọ. Màmá mi ló sọ fún mi bó ṣe lọ, kò sì mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ burúkú lòun ń sọ.

Dókítà tó gbà wọ́n kéré lọ́jọ́ orí, iṣẹ́ sì ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú Bàbá kékeré, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n máa ń mutí?"

Bàbá mi ní, "Ọtí kẹ̀? Rárá o, dókítà. Díákónì ni mí. Onítẹ̀bọmi ni gbogbo wa nílé."

Dókítà náà yíjú sí màmá mi. "Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Màmá mi wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Oògùn jẹ̀dí nìkan ni wọ́n máa ń lò."

Inú dókítà náà ru. Ó ní àwọn àti àgbo wọn, àgbo yìí ni yóò ba ẹ̀dọ̀ gbogbo ìlú yìí jẹ́, wọ́n á mu ún tán wọ́n á wá gbé wàhálà wá bá àwọn dókítà. Ó kọ oògùn ibà, ó ní kí wọ́n fa omi sí i lára. Omi oníṣúgà ni wọ́n fà sí i.

"Mi ò parọ́," màmá mi sọ fún mi lọ́jọ́ náà. "Oògùn jẹ̀dí ni mo pè é."

Bàbá kékeré padà wálé. Ara rẹ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á, kò sì bèèrè ìgò náà mọ́. Ó ti gbàgbé pé òun ní ìgò kankan. Bàbá mi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jó dé iwájú, Bàbá kékeré náà jó. Ó ń bọ ènìyàn lọ́wọ́, ó ń kí wọn, ọ̀rọ̀ ń dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ẹ bi í pé níbo ló ti ń bọ̀, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé èrò láti Ring Road ni, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ wà níbẹ̀, ọlọ́pàá kan sì yọ òun lẹ́nu. Á júwe ọlọ́pàá náà títí dé irun imú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀, kò tíì dìde lórí àga. Tí ẹ bá jáde tí ẹ tún padà wọlé, á kí yín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èmi, ó máa ń wò mí tìyanutìyanu. Ọmọdé kékeré ni èmi lójú rẹ̀. Kò mọ ọ̀dọ́bìnrin tó dúró síwájú rẹ̀ yìí.

Katapílà ṣì ń ṣiṣẹ́. Màmá mi dúró títí ó fi rí i pé ó lágbára tó láti wọ ọkọ̀, ó sì bi í léèrè. Lójú ẹsẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní ẹ̀yìn Òjóò ni, kò jìnnà sí gáréèjì. A háyà takisí kan. Bàbá kékeré jókòó níwájú, ó ń darí awakọ̀ náà. Lójú mi, ìgbà yẹn ló dà bíi Bàbá kékeré jù. "Gba ibí. Yà sọ́wọ́ ọ̀tún nídìí igi àràbà yẹn."

"Bàbá, kò sí àràbà níbí o," awakọ̀ náà sọ. "Ilé epo ló wà níbẹ̀."

"Ṣáà yà."

Ó gbé wa dé ẹ̀yìn ògiri ilé ìwé kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ibí ni. Mo gbẹ́ ẹ jìn dáadáa. Òkúta ni mo kọ́kọ́ bá, mo ní láti yọ ọ́." Ó sọ ọ́ tàánútàánú. Màmá mi wólẹ̀ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń dúpẹ́ pé kì í ṣe ìsàlẹ̀ odò. Alẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹun.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń tàkúrọ̀sọ, ó ní kí Bàbá kékeré tún sọ fún òun nípa òkúta yẹn. Bàbá kékeré ní, "Òkúta wo? Ilẹ̀ rírọ̀ ni ní ẹ̀yìn Challenge níbẹ̀." Màmá mi tún háyà takisí. A lọ sí ẹ̀yìn Challenge, ó fi ibìkan hàn wá, ó tún sọ bó ṣe gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀ náà, ó di Akóbọ̀, tó jẹ́ pé igbó kìjikìji ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà. A rìn títí ẹ̀gún fi fa aṣọ màmá mi ya. Bàbá kékeré dúró láàárín igbó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa, ó ní, "Ta lẹ ní a wá kí níbí?"

Mo pariwo lé e lórí. Mo ní òpùrọ́ ni, mo ní ó ń fi ìyá mi ṣeré. Màmá mi gbá mi létí, èmi ọmọ yunifásítì, lójú awakọ̀. A wọ ọkọ̀ padà wálé.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ká mú un padà wá kí dókítà wò ó. Mo ní mo gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Bàbá mi jókòó sínú mọ́tò níta, ó ń ka ìwé ìròyìn. Obìnrin tó ti lọ́jọ́ lórí ni dókítà tó wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó bá Bàbá kékeré ṣeré díẹ̀, ó ní kó sọ ohun tó jẹ láàárọ̀, Bàbá kékeré ní iyán àti ẹran ìgbẹ́ lòun jẹ ní Ṣakí. Obìnrin náà wò wá.

"Ọtí wo ló ń mu?"

Màmá mi ti la ẹnu. Mo ṣáájú rẹ̀. Mo ní, "Ògógóró ni, mà. Ojoojúmọ́, ó ti pẹ́."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó yọ ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ jáde, ó kà á, ó tún un kà. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá nítorí ojú màmá mi ló ṣe rọra sọ ọ́. Ó ní fítámì kan wà tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń mutí tí kì í jẹun, fítámì náà á tán lára rẹ̀. Ojú tó ń sá kiri, ẹsẹ̀ tó ń yà, iyè tó ń dàrú, igbe tí ọpọlọ ń ké nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń gún un kíákíá, kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí i, torí ṣúgà náà á jẹ ìwọ̀nba tó kù. Tí wọn kò bá gún un, ibi tí ènìyàn ń kó ìrántí sí á bà jẹ́. Ti àtijọ́ gan-an lè kù, ṣùgbọ́n àwọn ọdún tó sún mọ́ tòsí á lọ, nǹkan tuntun kò sì ní dúró mọ́. Ó ní Bàbá kékeré kò parọ́ fún wa. Ibi tó ṣófo ni ọpọlọ rẹ̀ ń wá nǹkan dí, òun fúnra rẹ̀ sì gbà á gbọ́.

Màmá mi ní, "Tí wọ́n bá ti gún abẹ́rẹ́ yẹn lọ́jọ́ náà, ṣé ìbá rántí?"

"Mi ò lè búra, màmá. Ó ṣeé ṣe gan-an."

"Ní báyìí ńkọ́?"

"A máa fún un. Àmọ́ ó ti pẹ́ jù." Ó tún wo ìwé náà. "Ta ló sọ fún wọn pé kì í mutí?"

Màmá mi di ọwọ́ Bàbá kékeré mú, ó fà á dìde, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà ka bàbá mi mọ́ nídìí oúnjẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, abẹ́rẹ́, omi oníṣúgà, títí dé Akóbọ̀, èyí tí kò gbọ́ rí. Ó jẹ òkèlè tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán.

Ó ní, "Ṣé kí n wá sọ fún ọmọ kékeré kan, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, pé ọ̀mùtí ni àbúrò mi? Kó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kí èmi tó délé?"

"Ọmọ yín ló sọ nù, Dádì. Òun nìkan ló mọ ibi tó wà."

"Ọmọ mi wà lọ́run," ó ní. "Mi ò nílò ẹnikẹ́ni tó máa júwe ibẹ̀ fún mi."

Màmá mi kò gbójú sókè. Ó kó àwo, ó lọ fọ̀ ọ́. Mo kórìíra bàbá mi lọ́jọ́ náà, mo sì kórìíra rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ti màmá mi le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún mi, torí mo mọ ohun tó ń dà rò níwájú àwo tó ń fọ̀ náà: pé ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ òun pẹ̀lú, àti pé ẹnu òun ni èsì ti jáde.

Katapílà parí iṣẹ́ rẹ̀. A ò gbọ́ pé wọ́n rí nǹkan kan, a ò sì gbọ́ pé wọn ò rí. Àwọn tó ra ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀. Tí màmá mi bá fẹ́ lọ sí ọjà Bódìjà, ọ̀nà tó jìn ló ń gbà, kó má bàa kọjá níbẹ̀.

Bàbá kékeré sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọmọ náà. Nínú ọdún tó kù sí i lórí, ọmọ náà ṣì wà láàyè, ó ń sáré kiri ilé. Á ní kí wọ́n má jẹ́ kó jáde sí títì. Á ní òun ra bisikíìtì fún un, á máa tú àpò. Màmá mi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á kúrò níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jọ gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó kí wa dáadáa, ó ní, "Ìyàwó wa, ọmọkùnrin wa dà? Mi ò gbúròó rẹ̀ látàárọ̀."

Màmá mi gbé àwo kalẹ̀. Kò kúrò. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ní, "Ó ti kú, ọkọ mi."

Bàbá kékeré wò ó. Ojú rẹ̀ wó lulẹ̀ níwájú wa. Ó gbé ọwọ́ lé orí, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi yọjú sí fèrèsé. Ó ní ìgbà wo, ó ní kí ló pa á, ó ní ṣebí àárọ̀ yìí lòun gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún un ni. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló gbé e lọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Níbo ni mo gbé e sí?"

"Mi ò mọ̀," màmá mi sọ. "Ẹ ò sọ fún mi."

Bàbá kékeré fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ màmá mi mú, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí àgbà ṣe ń ṣe. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa. Ìyá ọmọ ni yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni júwe ibẹ̀ fún yín o."

Màmá mi ní òun ti gbọ́. Ó ṣí àwo, ó bu omi ìṣanwọ́ fún un, ó ní kó jẹun kí ọbẹ̀ má tutù. Bàbá kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kó tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó ti tún ń bèèrè ọmọ náà, màmá mi sì dá a lóhùn pé ó ti lọ sí ilé ìwé.